Alhaji Ẹnu Ọjà àti Ìdáhùn Kẹrin

Ẹ fara balẹ̀. Ìtàn yìí kò gùn. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin tó wà nínú rẹ̀ ló gùn, a ó sì máa gé e kúrú níbi tí agbára wa bá mọ.

Lókè ilé kan ní Sama Road nílùú Sókótó, níbi tí wọ́n ti ń ta bẹ́ẹ̀dì nísàlẹ̀, yàrá méjì wà tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀ pé ILÉ-IṢẸ́ ERÉ Ẹ̀KỌ́ ORÍ KỌ̀ǸPÚTÀ. Èèyàn mẹ́rin péré ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọ̀gá wọn ni Alhaji Mùhyídéènì Ayélàágbé, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Mabera. Oyè rẹ̀ ni Adelé Olùdarí Àgbà. A wá Olùdarí Kékeré títí níbẹ̀, a ò rí i.

Ọ̀rọ̀ “Adelé” yẹn ni kò jẹ́ kí Alhaji gbádùn oúnjẹ. Ọdún mẹ́ta ló ti bà lé iwájú oyè rẹ̀ bí eṣinṣin ṣe ń bà sójú egbò. Nígbà tó ṣe káàdì ìdánimọ̀, ó ní kí wọ́n fi lẹ́tà tó kéré bí ẹyin èèrà kọ “Adelé,” kí “Olùdarí Àgbà” sì tóbi dáadáa. Ó tóbi. Ó tóbi débi pé ẹ̀yìn káàdì ni “Àgbà” bọ́ sí.

Lọ́jọ́ kan, ìgbìmọ̀ alábòójútó kọ̀wé láti Àbújá. Wọ́n ní lóṣù tó ń bọ̀ àwọn máa wá ta géèmù tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣe láti ọdún mẹ́ta wò, bí ẹni ń ta ayò. Bí géèmù bá dára, Adelé á kúrò lára oyè. Bí kò bá dára, Adelé àti ẹni tó ń jẹ́ ẹ ni yóò jọ kúrò. Alhaji ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mẹta. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ló rí ní gbogbo ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń jí níbẹ̀. Láràárọ̀, Abdulbaqi, tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, á ti dúró lórí àtẹ̀gùn. Alhaji á húkọ́ nísàlẹ̀, láàárín àwọn bẹ́ẹ̀dì.

“Ranka ya dade!” ni Abdulbaqi á ké, ìyẹn “Ẹ̀mí yín á gùn!” lédè Haúsá.

“Ranka ya dade!” ni àwọn yòókù á gbè é. Àwọn yòókù ọ̀hún ni Nabilah, tó ń kọ ọ̀rọ̀ inú géèmù, àti Ọpẹ́láyọ̀, tó ń ya àwòrán rẹ̀. Àwọn tó wá ra bẹ́ẹ̀dì á gbójú sókè, wọ́n á rò pé ọba kan ló ń gbé òkè.

Alhaji tún ṣe òfin kan tó pè ní Òfin Ìkíni Mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ìròyìn búburú, yóò kọ́kọ́ yin Alhaji lẹ́ẹ̀mẹta, kí ìròyìn náà má baà bá Alhaji lójijì. Lọ́jọ́ tí wáyà gbiná ní yàrá kejì, Ọpẹ́láyọ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀ lórí eékún kan.

“Alhaji, ọgbọ́n yín jinlẹ̀. Alhaji, babaríga yín bá yín mu. Alhaji, àwọn òbí yín bí ire. Iná ti ń jó tábìlì.”

Alhaji mi orí. “Ìkẹta yẹn wọ̀ mí lára. Tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Tábìlì náà jóná.

Ó tó kí n sọ irú géèmù tó jẹ́ báyìí. Àjò Àlàkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ta á ló máa jẹ́ Àlàkẹ́, obìnrin oníṣòwò tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sókótó láti ra àlùbọ́sà. Kò sí ìbọn nínú rẹ̀, kò sí bọ́ọ̀lù. Ẹnu ni ohun ìjà. Bí o bá pàdé ẹnì kan, yóò bá ọ sọ̀rọ̀, ìdáhùn mẹ́rin yóò sì jáde lójú tẹlifíṣọ̀n. O ó fi páàdì, ohun èlò tí à ń tẹ̀ lọ́wọ́, mú ọ̀kan. Èyí tí o bá mú ni yóò sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí o bá kí onílé ní Mabera bó ṣe yẹ, á fún ọ ní yàrá. Bí o bá ná ọjà bí ẹni tó ń bú ìyá alálùbọ́sà, á ní kí o padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nabilah nìkan ló kọ gbogbo ìdáhùn wọ̀nyí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin àti igba. Ọ̀nà mẹ́tàdínlógún ló kọ tí alálùbọ́sà lè gbà sọ pé òun kò gbà, kò sì sí méjì tó jọra.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi àwòrán àwọn tó wà nínú rẹ̀ han Alhaji, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Nabilah, ọmọ mi. Mo rí alálùbọ́sà. Mo rí oníkẹ̀kẹ́. Mo tiẹ̀ rí ràkúnmí. Èmi dà?”

“Alhaji, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo ẹ̀.”

“Ẹni tó ni gbogbo ẹ̀, ṣé kì í hàn ni? Ràkúnmí ń hàn.”

Bí Alhaji ṣe wọ inú géèmù nìyẹn. Ẹnu géètì ọjà ni ó ní kí wọ́n fi òun sí, pẹ̀lú babaríga funfun àti láwàní tó ga bí òpó iná, kí ẹnikẹ́ni má baà wọ ọjà láì kí òun. Nabilah béèrè ohun tí Alhaji máa bá Àlàkẹ́ sọ. Alhaji ní ìmọ̀ràn díẹ̀ ni, òun fúnra òun ni yóò sì fi ohùn òun sọ ọ́.

Ìmọ̀ràn díẹ̀ náà gba ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Ìgbà ọyẹ́ ni wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ọ̀fìnkìn sì ń ṣe é.

“Ìwọ Àlàkẹ́! Ìwọ oníṣòwò! Ìwọ arìnrìn-àjò! Kí ni àlùbọ́sà? Àlùbọ́sà ni ohun tí ó ní ìpele. Kí ni ìpele? Ìpele ni ohun tí ó wà lórí ìpele mìíràn. Bí ó ti rí nínú àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú ipò. Ní ìgbà tí èmi wà ní kíláàsì kẹta, tíṣà mi wò mí lójú…”

Ibẹ̀ ló ti sín. Ó sín lẹ́ẹ̀mẹta kí tíṣà náà tó sọ̀rọ̀. Láàárín kan, Ọpẹ́láyọ̀ gbé omi gbígbóná wọlé fún un, Alhaji gbà á, ó ní, “Ó yá, máa lọ. Ọ̀nà á rọrùn,” ó sì padà sí kíláàsì kẹta. Ẹ̀rọ ń gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Nabilah ní òun á yọ sísín náà kúrò.

“Yọ èwo?” ni Alhaji wí. “Ó wà nínú ọ̀rọ̀.”

Wọ́n fi sílẹ̀. Nígbàkígbà tí Alhaji bá sín lójú tẹlifíṣọ̀n, ìdáhùn á jáde fún ẹni tó ń ta géèmù, gbogbo wọn á sì jẹ́ “Yarhamukallah,” àdúrà tí Mùsùlùmí ń ṣe fún ẹni tó bá sín.

Títí di ibí yìí, ohun tó ṣeé fara dà ni. Àmọ́ Alhaji rí ìdáhùn kẹrin. Nabilah ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé: “Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Alhaji. Ó dàbọ̀.”

“Ta ló ń kí ta ní ó dàbọ̀?”

“Àlàkẹ́ ni, Alhaji. Kó lè wọ ọjà.”

“Ọmọ àná á dìde níwájú mi, á ní ó dàbọ̀? Ní Ìlọrin ni àbí ní Sókótó, ibo ni wọ́n ti ń ṣe é? Àgbà ló ń ní ‘ó yá, máa lọ.’ Ọmọ a máa dúró.”

Òótọ́ sì ni. Nabilah náà mọ̀ ọ́n, ilé tí wọ́n ti kọ́ ọ nìyẹn. “Ó dáa, Alhaji. Ìgbà wo lẹ máa wá ní kó máa lọ?”

“Nígbà tí ọ̀rọ̀ mi bá tán.”

“Ìgbà wo ló máa tán?”

Alhaji wo Abdulbaqi. Abdulbaqi wo òrùlé. “Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kì í tán,” ni Abdulbaqi wí.

Wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀ bí ìpinnu. Wọ́n pa ìdáhùn kẹrin rẹ́. Ó wá ku mẹ́ta: “Ẹ ṣeun, Alhaji.” “Ẹ ṣeun púpọ̀, Alhaji.” “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ, Alhaji.” Bí ọ̀rọ̀ bá parí, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ náà tó rò pé ó yẹ kí òun wí nǹkan kan, àfi Nabilah. Òun náà sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ronú ìkíni mẹ́ta.

Ó gbé géèmù náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù Indo ní Tudun Wada, níbi tí àwọn èèyàn ti ń san owó táṣẹ́rẹ́ ta géèmù, ó fi ìwé ìkọ̀wé olójú ewé ọgọ́ta kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Ó ní kí kálukú kọ ohun tó bá rí síbẹ̀, ire àti ibi. Ẹni tó ń kọ géèmù kì í rí i, bí ẹni tó ń se ọbẹ̀ ṣe máa ń gbàgbé bí ata ṣe pọ̀ tó. Ẹnu ẹni tó ń jẹ ẹ́ la ti ń gbọ́.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ó padà lọ. Hámzà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń wa kẹ̀kẹ́, ló kọ́kọ́ rí i.

“Haba, Nabilah! Ta ni bàbá ẹnu géètì yìí?”

“Ẹ̀gbọ́n Hámzà, ẹ kú iṣẹ́. Kí ló ṣe?”

“Kí ló ṣe kẹ̀? Mo ní ẹ ṣeun. Mo ní ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ní yarhamukallah títí ẹnu fi gbẹ mí. Mo fi páàdì sílẹ̀, mo gbé èrò dé Mabera, mo dúró gba epo, mo padà dé. Wallahi, ó ṣì wà ní kíláàsì kẹta!”

“Kai, tíṣà yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ dòní,” ni Indo wí láti ẹ̀yìn tábìlì. “Mo ti pa á, mo ti tàn án lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ọ̀rọ̀ onílé Mabera dùn, ti oníkẹ̀kẹ́ ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọjà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó tíì rí ọjà.”

Nínú ìwé náà, àwọn èèyàn ti kọ púpọ̀. “Mo fẹ́ ra àlùbọ́sà, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” “Mo bẹ Ọlọ́run, ẹ fún mi ní ibi tí mo lè gbà sá.” “Ràkúnmí dára. Kí ẹ fi ràkúnmí sẹ́nu géètì.” Ẹnì kan ya àwòrán Alhaji pẹ̀lú koríko tó ti hù lẹ́sẹ̀ Àlàkẹ́.

Nabilah gbé ìwé náà wá fún Alhaji. Ó kí i ní ìkíni mẹ́ta, ó gbé e kalẹ̀. Alhaji ṣí i, ó ka ìlà kan, ó pa á dé bí ẹni pa ìkòkò ọbẹ̀ kíkan dé.

“Àwọn èèyàn wọ̀nyí kò mọ bí a ṣe ń fèsì. Kì í ṣe ẹ̀bi wọn. A kò tọ́ wọn sọ́nà.”

Ó tọ́ wọn sọ́nà. Ó ṣe fọ́ọ̀mù. Ìbéèrè kan ló wà nínú rẹ̀, “Báwo ni ẹ ti rí géèmù wa sí?” pẹ̀lú ìdáhùn mẹ́ta: “Ó dára.” “Ó dára gan-an.” “Ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀.” Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, irinwó ó lé méjìlá fọ́ọ̀mù ló padà wọlé, kò sì sí ẹyọ ẹ̀sùn kan nínú wọn. Abdulbaqi fi wọ́n ya àwòrán òpó mẹ́ta, òpó “Ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀” sì ga ju àwọn méjì yòókù lọ. Alhaji gbé e kọ́ ògiri. Ó máa ń dúró wò ó kí ó tó jẹun ọ̀sán.

Ọjọ́ pé. Wọ́n ya gbọ̀ngàn kan létí Sama Road. Èèyàn Mabera wá, èèyàn Tudun Wada wá, Indo àti Hámzà náà wá. Ẹni tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ni Hajiya Hadiza, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìlọrin, tó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń jẹ obì. Alhaji sọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀. A ti gé e kúrú gẹ́gẹ́ bí ìlérí wa. Nígbà tó jókòó, Hajiya na ọwọ́.

“Ẹ gbé páàdì wá. Èmi fúnra mi ni mo máa ń ta á.”

Ó sì mọ̀ ọ́n ta. Ó kí onílé ní Mabera títí tí ìyẹn fi fún un ní yàrá àti omi ìwẹ̀. Ó bá oníkẹ̀kẹ́ fa ọ̀rọ̀, oníkẹ̀kẹ́ dá a lóhùn pé, “Hajiya Àlàkẹ́, owó yín ò tó, ṣùgbọ́n ẹnu yín tó,” gbogbo gbọ̀ngàn sì bú sẹ́rìn-ín. Hajiya yíjú sí Nabilah, ó mi orí. Alhaji náà mi orí. Ó ti ń rí “Adelé” bó ṣe ń fò lọ bí eṣinṣin.

Àlàkẹ́ dé ẹnu géètì.

“Á à, Alhaji. Ẹ̀yin rèé.”

“Èmi ni, Hajiya. Wọ́n kàn ya díẹ̀ lára mi síbẹ̀ ni.”

“Ìwọ Àlàkẹ́! Ìwọ oníṣòwò!” ni Alhaji ojú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa ni Hajiya. Ó fetí sílẹ̀. Ó ní ẹ ṣeun, ó ní ẹ ṣeun púpọ̀, ó ní yarhamukallah ní gbogbo ibi tó ti yẹ. Ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì pé. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé páàdì sókè láti wọ ọjà.

“Ìwọ Àlàkẹ́! Ìwọ oníṣòwò! Ìwọ arìnrìn-àjò! Kí ni àlùbọ́sà?”

Hajiya bọ́ awò ojú rẹ̀. “Alhaji, báwo ni mo ṣe máa kúrò níwájú yín?”

Abdulbaqi dìde. “Alhaji, ọgbọ́n yín jinlẹ̀. Alhaji, babaríga yín…”

“Jókòó!” ni Alhaji wí, nítorí ó mọ ohun tó máa ń tẹ̀ lé ìkẹta. Ó gba páàdì lọ́wọ́ Hajiya. “Ọ̀nà wà níbẹ̀. Ó kan gba sùúrù ni.”

Ó mú ẹ ṣeun. Ó mú ẹ ṣeun púpọ̀. Ó yí páàdì, ó gbọ̀n ọ́n, ó tẹ gbogbo ibi tó ṣeé tẹ̀. Alhaji ojú tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ ìpele.

“Ó ti tó!” ni Alhaji tòótọ́ pariwo mọ́ ọn.

Ti ojú tẹlifíṣọ̀n sín.

“Yarhamukallah,” ni Alhaji dáhùn, kí ó tó mọ̀.

Ẹ̀rín tó bú jáde, wọ́n ní àwọn tó ń ra bẹ́ẹ̀dì gbọ́ ọ. Kí ó tó rọlẹ̀, wọ́n pe ìrun Alásárì. Gbogbo èèyàn dìde. Alhaji ní kí wọ́n máa lọ, òun ń bọ̀, ó ku díẹ̀. Wọ́n ṣe àlùwàlá, wọ́n kírun, wọ́n padà dé. Alhaji ṣì dúró níbi tí wọ́n fi í sí, láwàní rẹ̀ ti wọ́ sí etí kan, wọ́n sì wà ní kíláàsì kẹta, òun àti ara rẹ̀.

Hajiya rọra gba páàdì. “Àwọn tó ti ta á ṣáájú wa, kí ni wọ́n sọ?”

“Irinwó ó lé méjìlá, Hajiya! Kò sí ẹ̀sùn kan!”

Hajiya mú fọ́ọ̀mù kan, ó ka iwájú, ó yí i padà, ó wo ẹ̀yìn. “Ẹni tí kò bá rí ọ̀nà wọ ọjà, ibo nínú èyí ló ti máa wí?”

Nabilah dìde. Ó yọ ìwé olójú ewé ọgọ́ta náà nínú báàgì rẹ̀, ó rìn kọjá níwájú Alhaji, ó fi lé Hajiya lọ́wọ́. Kò kí ẹnikẹ́ni ní ìkíni mẹ́ta. Hajiya jókòó, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rẹ́rìn-ín, méjèèjì nítorí ràkúnmí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà dé láti Àbújá. Wọ́n bẹ Alhaji kí ó mú ọ̀kan nínú ìdáhùn mẹ́ta: “Mo fi ipò sílẹ̀.” “Mo fi ipò sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀.” “Mo fi ipò sílẹ̀, ẹnu ò lè ròyìn rẹ̀.”

Alhaji yí lẹ́tà náà, ó wo ẹ̀yìn. Ó gbé e sókè sí oòrùn ojú fèrèsé, ó wá ìkẹrin. Nígbà tó yá ó mú èkejì, nítorí pé ọmọlúàbí ni. Wọ́n yọ Adelé lára oyè rẹ̀. Wọ́n kàn yọ èyí tó kù mọ́ ọn ni.

Nabilah ni wọ́n fi dípò rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, Abdulbaqi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó yí igbe rẹ̀ sí ti obìnrin. “Ranki ya dade! Ọgbọ́n yín jinlẹ̀! Gèlè yín bá yín mu! Àwọn òbí yín bí ire!”

Nabilah dúró gbàgà. “Ẹ̀gbọ́n Abdulbaqi, kí ló ń jó?”

Ó tó oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà kí Alhaji tó gba Tudun Wada kọjá. Ó ń fẹsẹ̀ rìn. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láti inú ṣọ́ọ̀bù kan: “Kí ni àlùbọ́sà?” Ó yà síbẹ̀.

Hámzà ló di páàdì mú. Ó bojú wẹ̀yìn, ó mọ ẹni tó jẹ́, ó dìde fún un ní àga. “Baba, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó, ẹ wá ta á.”

Alhaji jókòó. Ó tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbọ́ ti ìpele. Nígbà tí wọ́n dé kíláàsì kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Ẹ tẹ ìkẹrin, Baba,” ni Hámzà wí pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

Ìkẹrin wà níbẹ̀ lóòótọ́. “Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Alhaji. Ó dàbọ̀.” Alhaji wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́.

Bàbá aláwàní ojú tẹlifíṣọ̀n dákẹ́. “Ó yá, máa lọ,” ni ó wí, ohùn Alhaji gan-an ni, bó ṣe sọ ọ́ fún Ọpẹ́láyọ̀ lọ́jọ́ omi gbígbóná, pẹ̀lú ọ̀fìnkìn nínú rẹ̀. “Ọ̀nà á rọrùn.” Ó sì yà kúrò lẹ́nu géètì.

Fún ọdún mẹ́ta tí Alhaji fi ṣe ọ̀gá géèmù náà, kò tíì rí inú ọjà rí. Ó rí i wàyí. Ọjà náà tóbi. Àlùbọ́sà pupa wà níbẹ̀ ní òkìtì òkìtì, ràkúnmí dúró lábẹ́ igi, àwọn èèyàn ń pè é láti ọ̀tún àti òsì, kò sì sí ẹni tó kí i ní ranka ya dade nínú wọn. Ó ná àlùbọ́sà. Wọ́n kọ̀ fún un ní ọ̀nà mẹ́tàdínlógún. Ó rẹ́rìn-ín ní ìkẹsàn-án.

Nígbà tó fẹ́ dìde, Indo ti ìwé kan sí i lórí tábìlì. Ìwé tuntun ni, èyí àkọ́kọ́ ti kún. “Baba, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Gbogbo èèyàn ló ń kọ.”

Alhaji gba bírò. Ó kọ́kọ́ kọ ìkíni mẹ́ta, nítorí òfin ni òfin. Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ pé: “Ọ̀rọ̀ bàbá ẹnu géètì ṣì gùn díẹ̀.”

Ó wò ó títí. Ó wá fi bírò fa igi lé “díẹ̀.”